Ìka Ìbídùn àti Iyán Ọjọ́ Ìpàdé Ẹbí

Ní ìlú Ìdóbì, níbi tí a kì í ka ẹni tí kò tíì jẹ iyán sí ẹni tó ti jẹun, opó kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ọlọ́run fún un ní oko iṣu tó gbòòrò àti ọmọkùnrin kan ṣoṣo. Ìbídùn ni ìyàwó ọmọ náà. Lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá jáde, gbogbo ẹbí a pé jọ, ilé Àwẹ̀ró ni iyán àwọn àgbà sì ti ń wá. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni Ìbídùn fi gún un, kò sí àgbà kan tó bá ẹmọ, kókó inú iyán, pàdé nínú òkèlè rẹ̀ rí.

Ní ọdún kẹwàá, làkúrègbé wọ ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo oríkèé ìka rẹ̀ wú. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn kì í ká, wọn kì í nà, àfi bí oòrùn bá gòkè. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Ìdóbì sì máa ń sọ pé ìka tó bá wú, ohun olóhun ló mú. Nítorí náà Ìbídùn ń fi ìborùn bo ọwọ́ rẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọkọ rẹ̀ tó ń sùn sí abà oko.

Àwẹ̀ró kò mọ̀. Ohun tó rí kò ju pé iná kì í tètè jó ní ilé ìdáná mọ́.

“Ìyàwó wa ti di àlejò,” ni yóò wí sókè, kí ará ilé lè gbọ́. “Ẹ bá mi kí i o. Ó ti jí, oòrùn sì ti dé àtàrí.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá Ìbídùn láti fi ẹ̀gún kún ọ̀rọ̀ náà. Ó bá a níbi tó ti ń fi eyín so ìró mọ́dìí, nítorí pé ìka rẹ̀ kò lè di etí aṣọ mú. Ó gbọ́ tó ń gbàdúrà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Olúwa, jẹ́ kí wọ́n ká lónìí, kí ìyá ọkọ mi má pè mí ní ọ̀lẹ mọ́.”

Ẹ̀yin olùkà mi, ẹ̀ṣẹ̀ ahọ́n kì í dún nígbà tí a bá ń dá a. Ìgbà tó bá padà wá kan ilẹ̀kùn wa ni a ń gbọ́ ìró rẹ̀. Àwẹ̀ró wọlé, ó bá a so ìró náà.

“Ó ti tó ìgbà wo?”

“Oṣù mẹ́fà, Ìyá.”

“O ò sì sọ fún mi.”

“Ọ̀lẹ lẹ̀ ń pè mí, Ìyá. Mo rò ó pé ó sàn kí n jẹ́ ọ̀lẹ ju kí wọ́n pè mí ní olè.”

Àwẹ̀ró kò lè wo ojú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń dáná. Ó ń fi aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná di ọwọ́ náà láràárọ̀, ó ń fi òrí pa á díẹ̀díẹ̀. Ó ń se ata ilẹ̀ fún un mu. Ó mú ẹran ọlọ́ràá kúrò nínú ọbẹ̀ rẹ̀, ó fi ẹja odò àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ rọ́pò. Ẹlẹ́dàá tó so oríkèé mọ́ oríkèé bù sí i, ìrora náà rọlẹ̀, Ìbídùn sì ń sùn. Ṣùgbọ́n irọ́ kò yẹ onígbàgbọ́: àwọn ìka tó ti wọ́ kò nà mọ́.

Ọjọ́ ìpàdé ẹbí kù sí dẹ̀dẹ̀.

“Èmi ni n ó gún un,” ni Ìbídùn wí. “Bí ẹlòmíràn bá gún un, wọn ó béèrè ohun tó ṣe ọwọ́ mi.”

Àwẹ̀ró wọ inú àká. Ó kọjá lára àwọn iṣu funfun tó dára jù lọ, ó lọ ṣa ewùrà wá, iṣu olómi tí ẹnikẹ́ni kì í fi gún iyán fún àlejò. Kò sọ ìdí rẹ̀, Ìbídùn sì gún un.

Àwọn àgbà jókòó, wọ́n bu òkèlè. Ọ̀gúndípẹ̀, aláwàdà ẹbí, dáwọ́ dúró.

“Ẹ rọra o. Eyín mẹ́ta ló kù sí mi lẹ́nu, òkúta inú iyán yìí sì ń wá wọn kiri. Ọwọ́ ta ló gún èyí?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìbídùn, tó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tẹrí ba. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ti kúnlẹ̀ láàárín wọn.

“Ọwọ́ kọ́, ẹ̀yin baba mi. Ewùrà ni mo fún un gún. Mo fi iṣu tó dára pamọ́ fún ara mi.”

Ẹ̀rín kú. “Àwẹ̀ró?” ni Olórí-ẹbí wí. “Pẹ̀lú àká tó kún? Ewùrà lo fi bọ́ wa lọ́jọ́ bí òní?” Ẹnìkan tutọ́ sílẹ̀. Ẹlòmíràn ní ìwà ahun ti ba arúgbó náà jẹ́.

Ìbídùn kò lè fara dà á. Ó jáde, ó sì ká ìborùn kúrò ní ọwọ́ rẹ̀.

“Ìyá mi kì í ṣe ahun. Ìtìjú mi ni wọ́n fẹ́ bò.”

Wọ́n rí àwọn ìka náà. Olórí-ẹbí rántí gbogbo ohun tí ẹnu òun ti sọ nípa ìka tó wú. Ọ̀gúndípẹ̀ wo ilẹ̀, ó ní:

“Ṣé ó ń dùn ọ́, ọmọ mi?”

“Ó ń dùn mí, Baba.”

Ọ̀gúndípẹ̀ bu òkèlè tí kókó rẹ̀ tóbi jù lọ, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì, àwọn yòókù sì ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwo mọ́ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lanu, gbólóhùn kan ṣoṣo ló sì sọ, èyí tí àwọn àgbà ń pa lówe dòní, bí wọ́n bá fẹ́ fi ojú àánú wo àṣìṣe ẹni tó sa gbogbo ipá rẹ̀, pé: a kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ.