Pèrègún Ojúọlápé

Ní Òkè-Ìlámọ̀, wọ́n a máa wí pé, "Ẹni tó bẹ́ pèrègún ló gbìn ín." Àlejò tó bá gbọ́ ọ a rẹ́rìn-ín. Báwo lẹni tó yọ àdá sí igi ṣe tún di ẹni tó gbìn ín? Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí.

Opó kan wà tó ń jẹ́ Ojúọlápé. Ilé tí Òjèwùmí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ wà létí ọ̀gbun kan tí àgbàrá òjò gbẹ́. Lọ́dọọdún ni ọ̀gbun náà ń jẹ ilẹ̀ bọ̀, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹ̀yìn yàrá tí òun àti Àṣàbí ọmọ rẹ̀ ń sùn. Ṣùgbọ́n iwájú ilé rẹwà. Pèrègún ló fi ṣọgbà yí i ká. Bí ọyẹ́ bá sọ gbogbo ewé ìlú di gbígbẹ, tirẹ̀ á ṣì tutù yọ̀yọ̀. Bó bá ga jù, á rẹ́ ẹ lórí kó lè pẹ̀ka. Bí ewúrẹ́ bá yọjú, á figi lé e. Bí ẹní ń tọ́mọ ló ń tọ́ ọ.

Lámọdi, àbúrò ọkọ rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè, kò fẹ́ rí ọgbà náà sójú.

"Ìyá Àṣàbí, pèrègún làwọn baba wa fi ń pààlà. Ta lo wá ń pààlà fún lórí ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ọkọ mi, ewúrẹ́ ni mo fi ń dènà, kì í ṣe ẹbí."

"Ẹnu rẹ mú jù!"

Lọ́jọ́ tí Ojúọlápé lọ sóko, Lámọdi mú àdá, ó bẹ́ pèrègún náà tán pátá. Kí obìnrin náà má baà ṣa ọ̀pá rẹ̀ tún rì, ó wọ́ gbogbo rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé, ó dà á sínú ọ̀gbun.

Nígbà tí Ojúọlápé dé, ó bá iwájú ilé ní òfìfo. Àwọn aládùúgbò sọ ẹni tó bẹ́ ẹ àti ibi tó dà á sí fún un, ṣùgbọ́n kò bá ẹnikẹ́ni jà. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, kò tiẹ̀ lọ wo ọ̀gbun. Ẹ̀rù ohun tí yóò rí níbẹ̀ ló ń bà á.

Nígbà tó yá, òjò ńlá dé. Ó rọ̀ láti òwúrọ̀, ògiri ń wó kiri ìlú. Ojúọlápé gbá Àṣàbí mọ́ra ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń dẹtí sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń retí kí yàrá ya lulẹ̀.

Yàrá kò ya. Bí òjò ti dá, ó rọra yọjú sẹ́yìn. Ewé tútù bo ẹ̀gbẹ́ ọ̀gbun láti òkè dé ìsàlẹ̀! Àwọn ọ̀pá pèrègún ti ta gbòǹgbò, wọ́n di ilẹ̀ mú gírígírí. Ojúọlápé kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

Ibẹ̀ ni Lámọdi sáré bá a, ẹrẹ̀ dé e lórúnkún.

"Àṣàbí ńkọ́? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dà?"

"Òun nìyí, ọkọ mi."

Lámọdi mí kanlẹ̀. Ó gbá ọmọ náà mọ́ra, kó tó wá rí ọ̀gbun.

"Ta ló gbin nǹkan wọ̀nyí?"

"Ẹ̀yin ni."

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣí fìlà. "Ìyàwó wa, má bínú. Ibi ni mo fẹ́ ṣe."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n a ó sùn sílé wa lónìí."

Láti ìgbà náà, bí ẹnìkan bá gbèrò ibi sí ọmọnìkejì rẹ̀, tí ibi náà wá di gbòǹgbò tó gbé ilé onítọ̀hún ró, àwọn ará Òkè-Ìlámọ̀ a ní ẹni tó bẹ́ pèrègún ló gbìn ín.