Bí Èbúté-Iyọ̀ Ṣe Di Ìlú Àlejò

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Omíyalé tó ń se omi òkun di iyọ̀ ṣì wà láyé. Ọdẹ́gbàmí, olórí èbúté, náà ṣì wà, ohùn rẹ̀ sì ń dé òdìkejì ọ̀sà. Àwa kò tíì sí. Ìyá tó bí ìyá mi ló sọ ọ́ fún mi. Èmi náà ń sọ ọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èbúté-Iyọ̀, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù, àti ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ ilé-iṣẹ́ sí etí òkun wa. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́.

Ìgbì-lọ-ìgbì-bọ̀, awo etí òkun. Iyanrìn-kò-kọ-ẹsẹ̀, awo ẹ̀bá ọ̀sà. Àwọn ló yẹ Ifá wò fún Omíyalé, lọ́jọ́ tó ń sunkún pé iyọ̀ òun ń yọ́ dànù, kò sẹ́ni tí yóò rà á.

Ọ̀rọ̀ náà le. Iyọ̀ ni gbogbo ìlú gbójú lé, ọkọ̀ àlejò kì í sì í dúró mọ́. Àwọn ọmọ Omíyalé ti ń di ẹrù, wọ́n ní àwọn yóò lọ síbi tí èèyàn wà. Bí wọ́n bá lọ, ilé rẹ̀ dahoro nìyẹn.

Kí ló ń lé àlejò? Ẹnu ni. Bí ọkọ̀ bá ti yọ báyìí, Ọdẹ́gbàmí á ké: "Kí lẹ mú wá?"

"Ara wa la mú wá, bàbá."

"Ẹ yáa gbé e padà!"

Gbogbo èbúté á bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àwàdà ni. Àlejò á yí ọkọ̀ rẹ̀ padà.

Ifá ní kí Omíyalé rú ẹyẹlé, iyọ̀ àti ìkòkò omi tútù. Ó ní kí ìlú sì fi ọ̀rọ̀ kan kún ẹbọ náà: kí a má gbọ́ "kí lẹ mú wá" ní èbúté mọ́. "Ẹ kú ewu omi" ni kí wọ́n fi máa pàdé àlejò. Kó mu omi, kó jẹun, kó sùn. Ẹnu ara rẹ̀ ni yóò fi sọ ohun tó mú un wá.

Omíyalé rúbọ. Ọdẹ́gbàmí ní, "Èmi kọ́! Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu mi náà ti di ẹyẹlé tí wọ́n ń rú?"

Kò pẹ́, ọkọ̀ kan dé. Tọkọtaya kan ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Omi ti gba gbogbo ẹrù wọn. Ọdẹ́gbàmí lanu: "Kí lẹ..." Omíyalé ti ki ẹja yíyan bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

"Ẹ jẹun, bàbá. Ẹ óò sọ ìyókù lọ́la."

Ó yíjú sí àwọn àlejò. "Ẹ kú ewu omi o. Ẹ máa bọ̀ nílé."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ìyàwó náà, Àwẹ̀ró, rí iyọ̀ tó ń yọ́. "Ìyá, inú agbọ̀n gbàǹgbà báyìí lẹ ń kó iyọ̀ sí? Afẹ́fẹ́ òkun ni yóò jẹ ẹ́ tán!" Ẹlẹ́ní ni wọ́n. Ó wọ àbàtà, ó gé ore tí wọ́n fi ń hun ẹní, ó hun àpò tó dí pinpin. Iyọ̀ inú rẹ̀ gbẹ títí dé ìlú òkè. Ẹni tó bá tọ́ ọ wò á bèèrè ibi tó ti wá. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ dé. Àwọn ọmọ Omíyalé tú ẹrù wọn. Ìyá wọn jó títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. Ọdẹ́gbàmí pàápàá, ohùn tó fi ń lé àlejò ló wá fi ń kí wọn.

Ẹ rìn káàkiri ìlú wa, ẹ óò rí i. Àwọn ọmọ Àwẹ̀ró ló ni Òkè Ẹlẹ́ní, lápá ọ̀tún ọjà. Àwọn alágbẹ̀dẹ tó tẹ̀lé wọn dé ló tẹ Ìdí-Owú dó. Àlejò ni gbogbo wọn. Nítorí náà, ẹ má fòyà. Omíyalé gbọ́, ó rú, ire wọlé tọ̀ ọ́. Ẹni tó bá gbọ́ bíi tirẹ̀, á rí bíi tirẹ̀.

Omíyalé gbó, ó tọ́. Lọ́jọ́ tó kú, ariwo sọ. Àwọn ẹlẹ́ní ní àdúgbò àwọn làwọn óò sin ín sí, ìyá àwọn ni. Àwọn alágbẹ̀dẹ ní irọ́ ni, ìyá tàwọn ni. Àwọn ọmọ tó bí dúró lẹ́yìn pátápátá, wọ́n ń bẹ àwọn àlejò pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn náà bá wọn gbé ìyá àwọn.