Ìdí Tí Múrúkù Fi Ń Ká Bí Ejò

Nígbà láéláé, nígbà tí ejò àti ènìyàn ṣì máa ń kí ara wọn lọ́nà oko, múrúkù kò rí bó ṣe rí lónìí.

Ìpápánu àwọn ará gúúsù ilẹ̀ Íńdíà ni múrúkù. Ìyẹ̀fun ìrẹsì àti ti ẹ̀wà dúdú wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń pò pọ̀, tí wọ́n ń dín nínú òróró. Láyé ọjọ́un, gìdìgbà gìdìgbà ni wọ́n ń jù ú sínú òróró. Ẹ̀yìn rẹ̀ á le bí òkúta, inú rẹ̀ ò sì ní jinná. Àwọn ọmọdé kì í fẹ́ jẹ ẹ́.

Ní abúlé kan létí odò, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ṣẹlámà. Òun, Karúpà ọkọ rẹ̀, àti Pọ́nì ọmọbìnrin wọn ni wọ́n jọ ń gbé. Ọ̀gán ńlá kan wà lẹ́yìn ilé wọn, inú rẹ̀ sì ni Ejò fi ṣe ibùgbé. Nígbà kan, Karúpà fẹ́ wó ọ̀gán náà kó lè gbin ata síbẹ̀.

"Bàbá Pọ́nì, ẹ jẹ́ ká gbin ata síbòmíràn," ni Ṣẹlámà bẹ̀ ẹ́. "Abiyamọ ló wà níbẹ̀ yẹn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ẹyin ni."

Karúpà gbin ata sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ejò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nínú ihò rẹ̀, kò sì gbàgbé.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òjò kọ̀, kò rọ̀. Odò gbẹ dé iyanrìn. Ìrẹsì tó kù ní abúlé kò ju irúgbìn lọ, inú àká Karúpà ni gbogbo wọn sì kó o sí, nítorí òun ló ní ògiri tó le jù. Ebi ń pa wọ́n, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́, kí ni wọn yóò gbìn nígbà tí òjò bá dé?

Ebi ń pa àwọn eku pẹ̀lú. Àgbà Eku tọ Ejò lọ.

"A ti gbẹ́ ihò sí ìdí àká," ni ó wí. "Ṣáà ti ṣe bí ẹni tí kò rí wa. Tí a bá kó ìrẹsì náà tán, a ó máa fi eku kan ránṣẹ́ sí ọ láràárọ̀. O ò ní ṣọdẹ mọ́."

Inú Ejò pẹ̀lú ṣófo. Síbẹ̀, ó ní, "Obìnrin tó ni àká yẹn ló jẹ́ kí n fojú rí àwọn ọmọ mi. Ẹ gba ibòmíràn lọ."

Eku rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ tí wọ́n bá bá ọ nínú àká, igi ni wọn yóò fi dá ọ lọ́lá."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀," ni Ejò dáhùn. Ó sì wọ́ lọ sínú àká.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Karúpà ṣí ilẹ̀kùn àká, ó sì rí Ejò tó ká róbótó lórí irúgbìn. Ẹ̀rù bà á. Ó gbé ọkọ́ sókè, ó sì ti gé ṣóńṣó ìrù Ejò kí Ṣẹlámà tó sáré dé, tó di apá rẹ̀ mú.

Ejò kò bù ú ṣán. Ó kàn rọra sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìgbà náà ni wọ́n rí òkú eku nílẹ̀ káàkiri, àti ihò tó fi ara dí. Irúgbìn ò dín.

Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ Karúpà. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ atalẹ̀ pupa, tó fi di ojú ọgbẹ́ náà. "Ẹ dárí jì mí," ni ó wí. "Mi ò mọ̀."

Òjò dé nígbà tó yá. Wọ́n gbin irúgbìn, ìrẹsì sì so dáadáa. Lọ́jọ́ tí wọ́n kórè, Ṣẹlámà lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gán.

"Kí la lè fi dúpẹ́ lọ́wọ́ yín?" ni ó béèrè.

"Èmi ò jẹ ìrẹsì, Ìyá Pọ́nì," ni Ejò wí. "Eku ò sì wọ́n mi. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn mí. Bí àwọn ọmọ yín bá ti rí mi, ẹkún ni. Ó wù mí kí ọmọ kan rí mi, kó sì rẹ́rìn-ín."

Ṣẹlámà ronú lọ sílé. Ó lọ ìrẹsì tuntun àti ẹ̀wà dúdú, ó fi iyọ̀ àti yánmọ̀tí sí i, ó sì pò ó. Ó lu ihò sí ìdí èèpo àgbọn, ó ki ìyẹ̀fun pípò náà sínú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó ń yọ jáde bí okùn. Orí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó ká a sí, róbótó, bí Ejò ṣe ká lórí irúgbìn, ó sì rọra tì í sínú òróró gbígbóná. Torí pé ó tínrín, òróró dé gbogbo ara rẹ̀, ó jinná dénú.

"Kí lèyí, ìyá mi?" ni Pọ́nì béèrè.

"Ejò wa ni."

Pọ́nì bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé ọ̀kan, ó sáré lọ sídìí ọ̀gán, ó sì jókòó síwájú Ejò. "Ẹ̀yin rèé," ni ó wí, ó sì bù ú jẹ. Ó dún kàràkàrà. Ejò ń wò ó títí ó fi jẹ ẹ́ tán.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ìyá ilẹ̀ náà ti ń ká múrúkù róbótó bí ejò tó sùn, tí ó sì ń dún kàràkàrà lẹ́nu. Ọmọ tí wọ́n bá sì nà án sí, ẹ̀rín ló fi ń gbà á.