Ìjàpá Kò Mọ "Á Gba Ibi Ire"

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ó ń lọ lọ́nà, wọ́n ní kó wá jẹun. Ó fọwọ́ kan ikùn, ó súre, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Ta ni?

Ọmọlúàbí ni!

Ẹ káre. Ó ń lọ lọ́nà, wọ́n ní kó wá jẹun. Kí wọ́n tó pa ẹnu dé, ó ti jókòó. Ta ni?

Ìjàpá ni!

Ẹ mà mọ̀ ọ́n o. Àlọ́ mi rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé olóúnjẹ kọjá, kò yà, kò dúró, àfi ìgbà tó dé iwájú ilé Ìjàpá, ọkọ Yánníbo. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó fà á tí ìjàpá kì í fi í jẹun níṣojú èèyàn, kó ká ẹsẹ̀ kò, kó gbọ́. Ládiméjì, fi ẹran ìyá rẹ sílẹ̀ nínú ìkòkò. Mo ń wò ọ́.

Láyé ọjọ́un, ìta gbangba ni àwọn ẹranko ti ń jẹun. Abẹ́ igi, ìloro, ẹnu ọ̀nà, ibi tí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ ni wọ́n ń gbé abọ́ sí. Bí ẹnìkan bá ń jẹun tí ẹlòmíràn ń kọjá, ó di dandan kó pè é: "Ẹ wá jẹun o!" Ẹni tó ń kọjá náà yóò dáhùn: "Á gba ibi ire o!" Yóò sì máa lọ. Ó parí.

Àṣà náà dùn mọ́ mi nínú, kí n má parọ́. Ẹni tó pè mọ̀ pé oúnjẹ òun kò tó ẹni méjì. Ẹni tí wọ́n pè náà mọ̀. Síbẹ̀, ẹni tó pè ti di ọ̀làwọ́, ẹni tó kọ̀ ti di ẹni tó yó, ẹran kò sì dín nínú ọbẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ń fi ẹnu pe àlejò, tó ń fi ọwọ́ òsì bo ẹja. Èmi ò bá a wí. Ẹnu tó fi pè é yẹn náà ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ kéèyàn jẹun lóòótọ́, a máa ń mọ̀ ọ́n: kì í pè lẹ́ẹ̀kan kó dákẹ́, yóò tún un pè, yóò sì bu omi ìwẹwọ́ wá.

Ìjàpá ní tirẹ̀ kì í dá oko. Kì í ṣe pé kò lágbára o. Ó ní bí ọkọ́ ṣe ń wo òun ni kò dára.

Lọ́jọ́ kan, Yánníbo dojú ìkòkò dé. Ó ní, "Baálé mi, n ò fi omi lásán se ọbẹ̀ mọ́. Ẹ lọ sóko."

Ìjàpá fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń wo ọ̀ọ́kán. Ewúrẹ́ ló ń jẹun lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀. Ó ń pe àwọn tó ń kọjá, wọ́n ń súre fún un, wọ́n ń lọ. Ìjàpá ṣàdédé fò dìde.

"Yánníbo! Wọ́n ń fi oúnjẹ lọ gbogbo ayé ní ìlú yìí, kò sí ẹni tó ń gbà á!"

"Ẹnu lásán ni wọ́n fi ń pè, Baálé mi."

"Ẹnu náà ni èmi náà fẹ́ fi jẹ ẹ́."

Ó bu omi, ó wẹwọ́ mọ́ tónítóní nílé ara rẹ̀, ó jáde.

"Ẹ kú ìjókòó o, Ìyá Ewúrẹ́."

"Ẹ kú ìrìn, Baba Ìjàpá. Ẹ wá jẹun o!"

"Ẹ ṣeun o." Ó fìdí kalẹ̀.

Ewúrẹ́ rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Ó ní, "Mo ní... mo ní ẹ wá jẹun ni."

"Mo gbọ́. Àbí mo pẹ́ ni?"

"Rárá o. Ẹ ò... ẹ ò ṣáà tíì wẹwọ́."

Ìjàpá na ọwọ́ méjèèjì sí i. Omi ṣì ń kán níbẹ̀. "Mo ti wẹ̀ ẹ́ láti ilé."

Kí ni Ewúrẹ́ yóò wí? A kì í pe èèyàn wá jẹun ká tún lé e. Ó ń wo mọ́ínmọ́ín rẹ̀ bó ṣe ń wọlé sẹ́nu ẹlòmíràn, ó ní, "Ẹ rọra o," ìyẹn náà sì jẹ́ ìwà ọmọlúàbí.

Bẹ́ẹ̀ ni Ìjàpá ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ ká kan sáárá sí i, nítorí olè kọ́ ni, mo-gbọ́-mo-yà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Bó bá gbọ́ ìró odó, ó ti mọ ilé tí wọ́n ti ń gún iyán. Bó bá rí èéfín, yóò sọ fún ọ bóyá ẹ̀wà ni àbí omi gbígbóná. Àgbò ní, "Ẹ wá jẹun, àmọ́ ata ọbẹ̀ yìí pọ̀ o." Ìjàpá ní ata ló tọ́ òun dàgbà. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń sáré gbé òkèlè mì kí Ìjàpá tó dé, ó há a lọ́fun, Ìjàpá ló gbá a lẹ́yìn, ó bu omi fún un, ó sì bá a jẹ èyí tó kù.

Nígbà tó yá, àwọn ẹranko gbé abọ́ wọlé. Wọ́n tilẹ̀kùn. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni Àgbò ti ń jẹun nínú òkùnkùn, tó ń fi ẹja sí imú. Ẹni tó bá ń kọjá níwájú ilé lásìkò oúnjẹ sì ń sáré, kí wọ́n má baà sọ pé ó ń ṣe bí Ìjàpá. Kò sí ẹni tó ń pe ẹnikẹ́ni mọ́, kò sí ẹni tó ń súre fún oúnjẹ ẹnìkejì.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù ni Ìyá Òkété. Opó ni, ó ti darúgbó, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sílé ọkọ lọ́nà jíjìn. Ẹnu ọ̀nà odò ni ilé rẹ̀ wà. Ẹ̀kọ kan àti ẹ̀wà díẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀, kò sì sí ohun tó ń mú un lọ lọ́nà ọ̀fun bí "Á gba ibi ire, Ìyá!" tí àwọn tó ń ti odò bọ̀ ń sọ fún un. Nísinsìnyí, bó bá pè wọ́n, wọ́n á dorí kodò, wọ́n á yára kọjá. Ẹ̀kọ wá dà bí iyanrìn lẹ́nu ìyá àgbà. Ìjàpá nìkan ló ń yà, lójoojúmọ́, pẹ̀lú ọwọ́ tó ti wẹ̀. Ìyá kò bínú oúnjẹ. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọ̀nà yẹn ló ń pa á lára.

Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ìjàpá, ìwọ nìkan ló kù tó ń bá mi jẹun. Bí ọmọ ilé yìí lo ṣe rí sí mi."

"Ọmọ yín kúkú ni mí, Ìyá," ni Ìjàpá fi ẹnu tó kún dáhùn.

"Ṣé o gbọ́ ohun tó o sọ?"

"Mo tún un sọ: ọmọ ilé yìí ni mí. Ẹ fi ẹ̀wà díẹ̀ kún un."

Ìyá Òkété rẹ́rìn-ín, ó fi kún un. Nígbà tí Ìjàpá lọ tán, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ sílé Ewúrẹ́. Ó ya ilé Àgbò. Ó ya ilé Ọ̀kẹ́rẹ́. Ohun tó bá wọn sọ kò pọ̀, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, ilẹ̀kùn wọn ṣí. "Ìjàpá, ọmọ ilé wa, wá jẹun!" ni Ewúrẹ́ wí. "Ọmọ wa, mú ẹran yìí," ni Àgbò wí. Ó yẹ kí Ìjàpá fura. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Baba títí di àná, tó wá di ọmọ lónìí! Ṣùgbọ́n ẹran wà nínú abọ́, ìfura kò sì rí àyè jókòó. Ilé tó bá dé, ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́: "Ọmọ ilé yín ni mí o, ẹ má fi mí ṣe àlejò."

Àsìkò àtiyẹ ọ̀nà odò wá dé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ìlú wọn nìyí: ilé kọ̀ọ̀kan yóò mú ọmọ ilé kan wá, wọn yóò wọn ìpín fún un, ilé rẹ̀ yóò sì gbé oúnjẹ tì í. Kìnnìún ọba jókòó, gbogbo ìlú pé.

"Ta ni ti ilé Ewúrẹ́?"

"Ìjàpá ni, Kábíyèsí."

"Ilé Àgbò?"

"Ìjàpá ni."

"Ilé Ọ̀kẹ́rẹ́?"

"Ọmọ wa Ìjàpá ni."

Ìyá Òkété fi ọ̀pá dìde. "Kábíyèsí, ẹ mọ̀ pé n ò ní ẹlòmíràn. Ìjàpá ni."

Ọba ní, "Ilé Ìjàpá fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

Yánníbo ní, "Ìjàpá ni, Kábíyèsí."

Àwùjọ fi ẹ̀rín pa ara wọn. Ìjàpá ké jáde, "Kábíyèsí, n kì í ṣe ọmọ ilé wọn! Wọ́n kàn pè mí ni!"

Ọba ní, "A mọ̀ pé wọ́n pè ọ́. Ọmọ ilé ló ń jẹ oúnjẹ ilé lójoojúmọ́. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilé, tí kò dá oko, tí kò ṣẹ́ igi, tí kò pọn omi, tó ń jẹ oúnjẹ ilé lójoojúmọ́, kí là ń pè é?"

Ìjàpá mọ orúkọ náà: olè ni. Ó sì mọ̀ pé lílé ni wọ́n ń lé ẹni tó bá ń jẹ́ ẹ kúrò nílùú. Ibo ni yóò gbà? Ta ni yóò tún pe òun wá jẹun láyé?

"Ọmọ ilé ni mí," ni ó fi ohùn kékeré sọ. Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ojú rẹ̀ tún là. "Ìyá Òkété, ṣé ilé kọ̀ọ̀kan ni yóò gbé oúnjẹ wá?"

"Ilé kọ̀ọ̀kan, ọmọ mi."

Ẹ wo ọ̀kánjúwà! Ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó ń jó lọ.

Ijó náà kò pẹ́. Oòrùn mú, koríko le, ọkọ́ sì ń wo Ìjàpá bó ṣe máa ń wò ó. Wọ́n to abọ́ oúnjẹ sábẹ́ igi, wọ́n dé e, nítorí ẹni tó bá yẹ ìpín rẹ̀ tán ló ń jẹ tirẹ̀. Àwọn yòókù ń yẹ ti wọn tán, wọ́n ń jókòó, wọ́n ń fi orin ràn án lọ́wọ́:

Ta ló ń bá wa jẹun o?
*Ọmọ wa ni.*
Ta ló wẹwọ́ láti ilé?
*Ọmọ wa ni.*
Ta ni yóò yẹ̀nà odò o?
*Ọmọ wa ni, ọmọ wa ni, Ìjàpá ọmọ wa ni.*

Oòrùn ti ń lọ kí Ìjàpá tó yẹ ìpín tó kẹ́yìn kù díẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Ìgbà náà ni Ẹfọ̀n dé. Òun ló pẹ́ jù nínú gbogbo ìlú, ìpín tirẹ̀ ló sì burú jù: ẹ̀gún, gbòǹgbò àti èsìsì tó ń jó ni lára bí iná. Ẹfọ̀n kò fọwọ́ kan ọkọ́. Ó lọ jókòó ti Ìyá Òkété, ìyẹn sọ nǹkan sí i létí, Ẹfọ̀n sì ṣí abọ́ iyán ńlá kan. Èéfín ọbẹ̀ ẹ̀gúsí fẹ́ lọ tààrà sí imú Ìjàpá.

"Ìjàpá!" ni Ẹfọ̀n pè. "Wá jẹun o!"

Orin dúró. Ọwọ́ Ìjàpá dúró lórí ọkọ́. Itọ́ dà lẹ́nu rẹ̀. Ó wo iyán. Ó wo ẹ̀gún. Ó tún wo iyán. Ó wo èsìsì. Lẹ́yìn náà ó fa orí rẹ̀ wọ inú ìkarahun, díẹ̀díẹ̀, títí a ò fi rí i mọ́. Láti inú lọ́hùn-ún ni ohùn kan ti wá:

"Á gba ibi ire o!"

Ìyá Òkété ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọjọ́ wo ni ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn gbẹ̀yìn! Gbogbo ìlú gbè é: "Á gba ibi ire! Á gba ibi ire!" Ẹfọ̀n gbé ọkọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín lọ síbi ẹ̀gún. Àwọn Ewúrẹ́ sì bá Ìjàpá ṣe ìyókù iṣẹ́ rẹ̀, nítorí wọn kò kúkú kórìíra rẹ̀. Láti ọjọ́ kejì, abọ́ ti padà sí ìta.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ iṣẹ́ náà tó ṣú, Ìyá Òkété bu ẹ̀wà rẹ̀, ó fi ẹja lé e, ó bu omi ìwẹwọ́, ó gbé e wá síwájú Ìjàpá. "Ọmọ mi, wá jẹun."

"Á gba ibi ire, Ìyá."

"Ìjàpá, mo ní wá jẹun. Omi ìwẹwọ́ rèé."

"Á gba ibi ire! Á gba ibi ire!" Orí kò yọ. Ìjàpá kò mọ ìpè tó ti inú wá yàtọ̀ sí ti ẹnu mọ́. Ìyàtọ̀ tí kò kọ́ nígbà tó yó, kò lè kọ́ ọ nígbà tí ebi ń pa á.

Ìyá àgbà yìí wù mí. Ẹlòmíràn ì bá fi ṣẹ̀sín. Òun rọra gbé abọ́ sílẹ̀, ó gbé omi tì í, ó rìn jìnnà díẹ̀, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i. Ó pẹ́. Orí kékeré kan yọ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹnikẹ́ni. Ó wẹwọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Ìyá Òkété gbọ́ ọ, kò wẹ̀yìn. Ó kàn sọ ọ́ jẹ́jẹ́ sábẹ́ ọ̀fun pé, "Á gba ibi ire, ọmọ mi."

Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá gbé ewé síwájú ìjàpá títí dòní, tẹ́ ẹ dúró tì í, orí ni yóò fà wọlé. Ẹ̀rù ń bà á pé ẹ fẹ́ gbé ọkọ́ fún un ni. Ṣùgbọ́n ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ kọ ẹ̀yìn sí i, yóò yọ orí, yóò jẹun.

Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé rèé, mo padà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé mo parọ́, kí ọbẹ̀ mi jóná lórí iná. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni mo sọ, mo fẹ́ lọ jẹun báyìí. Ládiméjì, wá jẹun o!

Ẹ gbọ́ ọ? Ó ti wẹwọ́.