Ohun Tí Àwọn Amọ̀kòkò Nílò

Ẹgbẹ́ aláàánú kan rán Adéńrelé lọ sí abúlé àwọn amọ̀kòkò, kó kọ ohun tí àwọn obìnrin ibẹ̀ nílò. Baálẹ̀ ló bi léèrè.

“Wọn ò níṣẹ́,” ni baálẹ̀ wí. “Ẹ fún wọn ní ẹ̀rọ ìránṣọ.”

Adéńrelé kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ó bá lọ kà á fún àwọn obìnrin náà nídìí kòtò amọ̀.

Ìyá Abẹ́fẹ́, àgbà wọn, ní, “Ọmọ mi, iṣẹ́ wa rèé. Kòtò yìí ló ń wó lù wá, ó pa àbúrò mi léṣìí. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí.”

Adéńrelé fa ìwé náà ya, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Ẹ má bínú, mà. Kí lorúkọ àbúrò yín?”

Orúkọ náà ló kọ́kọ́ kọ sórí ìwé tuntun.