Pákó Wó Lu Wúràọlá

Òjélàbí káfíńtà máa ń fẹ̀yìn pákó ti ògiri gáréèjì ilé rẹ̀. Lọ́sàn-án kan, gbogbo rẹ̀ yẹ̀, ó wó lu Wúràọlá, aya rẹ̀, tó ń kọjá lọ. Jìnnìjìnnì bo Òjélàbí. Pákó orí ẹsẹ̀ obìnrin náà gan-an ló ń fà, ìyókù sì ń rọ́ lù ú.

“Bàbá Kúnbi, ẹ rọra!” ni Wúràọlá ké. “Bí igi bá wó lu igi, tòkè là á kọ́kọ́ gbé!”

Òjélàbí bẹ̀rẹ̀ látòkè, ó sì yọ ìyàwó rẹ̀ jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn bó ni, kò ṣẹ́.

Òjélàbí kò lè jókòó. Ó ń kan irin tí pákó yóò máa sùn lé mọ́ ògiri nígbà tí oníbàárà kan wá béèrè ilẹ̀kùn rẹ̀.

“Ẹ ní sùúrù,” ni ó wí. “Ibi tí ìyàwó mi ń gbà kọjá ni mo ń tún ṣe.”