Àrán Pupa Lára Àpótí Oyèékànmí

Ní ìlú Òkè-Ìtàkùn, nígbà tí iná mànàmáná ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Oyèékànmí. Iṣẹ́ rédíò títúnṣe ló kọ́, ṣùgbọ́n jìtá ló gbà á lọ́kàn. Àwọn oníjìtá ìgbà náà kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí jìtá rẹ̀ dún dé ẹ̀yìn èrò gbọ́dọ̀ ní ampilifáyà, àpótí tó ń gba ohùn kékeré tó sì ń sọ ọ́ di ńlá, bẹ́ẹ̀ èyí tó ń ti òkè òkun wá kò ṣeé sún mọ́. Oyèékànmí wá ń fi ọwọ́ ṣe tirẹ̀. Inú rédíò tó ti kú ló ti ń yọ fáàfù, àwọn ìgò wẹ́wẹ́ bíi gílóòbù tó máa ń pọ́n bí ẹyin iná. Pákó àpótí ọṣẹ ló fi ń kan ilé fún wọn. Iye tó ń tà á, àgbẹ̀ tó ta iṣu rẹ̀ dáadáa lè san án.

Ohùn àpótí náà dára, kò sẹ́ni tó jiyàn rẹ̀. Ojú rẹ̀ ni kò dára. Orúkọ ọṣẹ ṣì wà gàdàgbà lára pákó, nítorí Oyèékànmí kò gbà láti fá a. Ó ní bí pákó bá fẹ́lẹ́, ohùn á fẹ́lẹ́. Bí oníjìtá bá gbé e kọjá, àwọn ènìyàn a máa bi í bóyá odò ló ń lọ fọṣọ.

Mójọyin, ìyàwó rẹ̀, bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jẹ́ kí òun lẹ aṣọ díẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Bàbá Àdùfẹ́, aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn."

"Ohùn ni mò ń tà," ni Oyèékànmí wí. "Ẹni tó bá ń wá aṣọ, kó lọ bá aláṣọ."

Ohun kan wà tí Mójọyin nìkan mọ̀. Ojú ọkọ rẹ̀ ti ń ṣú. Ọwọ́ ló fi ń wá wáyà kí ó tó fi òjé jó o pọ̀. Kò sì ní ọmọṣẹ́ kankan, nítorí òbí wo ni yóò fi ọmọ rẹ̀ síbi iṣẹ́ tí gbogbo ìlú fi ń ṣẹ̀fẹ̀? Àdúrà rẹ̀ kò ju kí àpótí òun dún lẹ́ẹ̀kan péré níwájú ẹni ńlá, kí iṣẹ́ náà lè rí ẹni jogún rẹ̀ kí òkùnkùn tó dé.

Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ rédíò kan rán ènìyàn wá sí gbọ̀ngàn ìlú láti yan ẹgbẹ́ olórin tí wọn yóò gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ṣíjúwadé, oníjìtá tó mọwọ́ jù ní ìlú, wá gba àpótí. Oyèékànmí kó àwọn fáàfù tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ tó dára jù sínú rẹ̀, ó sì fa ọwọ́ Ṣíjúwadé kan ẹ̀yìn àpótí náà, níbi tí kò sí pákó rárá.

"Imú rẹ̀ nìyí," ó wí. "Má ṣe dí i. Ooru inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde."

"Mo ti gbọ́, bàbá."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé gbọ̀ngàn, tó rí àwọn àpótí dúdú dídán tí àwọn ẹgbẹ́ tó ti ìlú ńlá wá gbé kalẹ̀, tí ọ̀kan nínú wọn sì bi í bóyá ó mú kànrìnkàn dání, ìtìjú mú un. Ó ránṣẹ́ sílé kí wọ́n mú àrán pupa ìyá rẹ̀ wá, èyí tí ìyá náà ń tọ́jú de ọjọ́ ikú ara rẹ̀. Ó wé e mọ́ àpótí náà bí ẹni wé ọmọ tuntun. Ẹnu tí ohùn ń gbà jáde nìkan ló ṣẹ́kù.

Oyèékànmí àti Mójọyin jókòó sẹ́yìn èrò. Ojú Oyèékànmí kò dé iwájú mọ́, ó kàn ń gbọ́ ni. Nígbà tí Ṣíjúwadé ta okùn àkọ́kọ́, gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Ẹnìkan nítòsí ń béèrè pé ẹ̀rọ òyìnbó wo nìyẹn, Oyèékànmí sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó bi Mójọyin bí àpótí òun ṣe rí níwájú yẹn.

"Ó rẹwà," ni Mójọyin wí. "Wọ́n fi àrán wé e. Ta ló máa mọ̀ pé pákó ọṣẹ ni?"

Oyèékànmí dìde. "Ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́?"

"Gbogbo rẹ̀ ni, Bàbá Àdùfẹ́."

Ó ń fi ọwọ́ tú èrò, ó ń kọsẹ̀ lára àga. Àwọn ènìyàn dì í mú, wọ́n ní kí bàbá jókòó kó jẹ́ káwọn gbọ́ orin. Òórùn aṣọ tó ń jó ti dé imú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí èéfín. Lẹ́yìn náà ni ohùn jìtá náà ha, ó ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ lọ́rùn, ó sì dákẹ́. Iná yọ. Wọ́n yọ wáyà lára ògiri, ẹnìkan da garawa omi lé e, àwọn fáàfù gbígbóná sì ń fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí kò fi ku ẹyọ kan.

Ẹni tí ilé iṣẹ́ rédíò rán wá béèrè ẹni tó ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ṣíjúwadé wo àrán ìyá rẹ̀, ó wo Oyèékànmí láàárín èrò.

"Bàbá tó ń tún rédíò ṣe ni," ó wí. "Pákó ọṣẹ ló fi ṣe é."

Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn oníjìtá tó ti ra àpótí tẹ́lẹ̀ ti ń dá a padà sí àgbàlá rẹ̀. Wọn kò bínú. Ẹ̀rù pé kí ilé wọn má jóná ló ń bà wọ́n. Oyèékànmí ń fọwọ́ kan ẹ̀yìn àwọn àpótí náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀, kò sí èyí tó ní àléébù. Mójọyin dúró tì í, ó ń bá a tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Ní ọjọ́ kejì, Ṣíjúwadé wá dọ̀bálẹ̀ sí àgbàlá, ó gbé igbá kan dání. Ìyá rẹ̀ ló ní kó gbé e lọ.

"Kí ló wà níbẹ̀?" ni Oyèékànmí bi í, nítorí kò ríran dé ọwọ́ rẹ̀.

"Eérú àrán náà ni, bàbá."

Oyèékànmí ti ọwọ́ bọ igbá náà, ó rọra fi ìka ra eérú náà.

"Ìwọ fi àrán bo iná," ó wí. "Èmi kò sì jẹ́ kí wọ́n fi àkísà bo pákó. Àwa méjèèjì la jọ kó eérú."

Oyèékànmí kò ṣe àpótí mìíràn mọ́. Kí òjò ọdún náà tó dá, ojú rẹ̀ ti fọ́ pátápátá, iṣẹ́ náà sì bá ojú lọ. Mójọyin fi àwọn àpótí náà dáná. Pákó wọn gbẹ dáadáa. Láti ìgbà yẹn wá, bí ará Òkè-Ìtàkùn bá rí ẹni tí ìtìjú mú kí ó máa fi ẹwà bo ohun tó yẹ kó máa mí, ohun tó máa ń sọ fún un ni pé: ẹni tó fi àrán bo iná, eérú ni yóò kó.